Orí Kẹfà: Rédíò Ìbánisọ̀rọ̀ Inú Ọkọ̀ àti Ààbò Àwọn Tó Ń Lò Ó

Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ inú ọkọ̀, tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà fi ń bá ibùdó tàbí ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, tó sì fi ń gbọ́ èsì, láìgbára lé ilé-iṣẹ́ fóònù kankan. Ó yàtọ̀ sí rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn àti orin, nítorí pé ìyẹn kàn ń gba ìgbì ni, ṣùgbọ́n èyí ń gbà á, ó sì tún ń rán an jáde. Àwọn ọlọ́pàá, àwọn panápaná, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn tó ń fi ọkọ̀ pàjáwìrì gbé aláìsàn àti àwọn awakọ̀ tírélà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló gbára lé e, pàápàá ní ibi tí fóònù kò ti ní agbára tàbí nígbà tí ẹnì kan ní láti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rù ìgbì tó ń jáde lára áńtẹ́nà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í béèrè bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì, wọn kì í sì í wo ibi tí ojú awakọ̀ wà nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Orí yìí yóò fi hàn pé ìgbì náà ní ìwọ̀n tí a lè ṣírò, tí a sì lè yẹra fún, àmọ́ wáyà tí wọn kò dáàbò bò àti ojú tó kúrò lójú ọ̀nà ni ewu tó súnmọ́ni jù. Yóò tún fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ rédíò di aláìléwu ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe kí ọwọ́ awakọ̀ tó kan bọ́tìnì rárá.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lè gbọ́ nìkan ni, wọn kò lè fèsì. Ní 1933, àwọn ọlọ́pàá Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey gbé ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń fèsì sínú ọkọ̀, nígbà tó sì di 1940, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Connecticut bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú èyí tí wọ́n ń pè ní FM, tí ariwo ẹ́ńjìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ bo ohùn inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ náà ti ń kéré sí i, tó sì ń dára sí i, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò yí padà púpọ̀.

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnì ara máìkì, rédíò yóò sọ ohùn rẹ̀ di iná mànàmáná, yóò gbé e lé orí ìgbì tó ń yára mì, áńtẹ́nà yóò sì tú ìgbì náà sí afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá sì fi bọ́tìnì sílẹ̀, áńtẹ́nà kan náà yóò padà di etí tó ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ. Iye ìgbà tí ìgbì ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń fi mẹgaháásì wọ̀n, mẹgaháásì kan sì jẹ́ mílíọ̀nù kan ìmì. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láàárín 136 sí 174 mẹgaháásì, èyí tí wọ́n ń pè ní VHF, tàbí ní nǹkan bí 400 sí 470, èyí tó wà lára UHF. Rédíò CB tí àwọn awakọ̀ tírélà Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa sì wà ní nǹkan bí 27. Agbára tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fi ń rán ìgbì jáde sábà máa ń jẹ́ 25 sí 50 wáàtì, nígbà tí wọkí-tọ́kì àfọwọ́mú kì í sábà ju wáàtì 5 lọ. Ìyàtọ̀ ìlọ́po márùn-ún sí ìlọ́po mẹ́wàá yìí ló fà á tí ohun tí ẹni tó ń lo àfọwọ́mú lè gbójú fò fi di ọ̀rọ̀ ńlá fún ẹni tó ń lo ti inú ọkọ̀.

Wáyà, fíúsì àti bátìrì

Iná ni ewu àkọ́kọ́, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti lóye. Rédíò tó ń rán 50 wáàtì jáde lè máa fa nǹkan bí 10 áńpíà láti inú bátìrì ní gbogbo ìgbà tí bọ́tìnì bá wà ní títẹ̀, áńpíà sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó. Bí ìṣàn yìí bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń mú jáde nínú wáyà kan náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí nìyí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iná rédíò orin láìsí wàhálà fi lè gbóná títí tí awọ rẹ̀ yóò fi yọ́ bí wọ́n bá so rédíò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, kò yẹ kí rìwáyà fa iná rẹ̀ láti ẹ̀yìn rédíò orin, kò sì yẹ kó fà á láti ojú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá. Wáyà tó nípọn, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe rédíò náà kó pẹ̀lú rẹ̀, ni kó gbà lọ tààrà sí bátìrì.

Fíúsì jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè tètè yọ́, kí iná lè já kí wáyà fúnra rẹ̀ tó gbóná dé ibi tó lè ràn. Ibi tí fíúsì wà ṣe pàtàkì bíi bó ṣe wà, torí pé bí wọ́n bá fi í sí ẹ̀bá rédíò nìkan, gbogbo wáyà tó wà láàárín rẹ̀ àti bátìrì ni kò ní ààbò, bí etí irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bá sì bó awọ wáyà náà, bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà sínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí èyí ni fíúsì fi gbọ́dọ̀ súnmọ́ bátìrì tó bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, tí wáyà sì gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà níbi tó ti ń la irin kọjá láti iwájú ẹ́ńjìnì wọ inú ọkọ̀. Fíúsì tó bá já ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ pé nǹkan kan kò dára níbì kan. Ẹni tó bá fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀, tàbí tó fi èyí tó lágbára ju ohun tí ìwé rédíò náà kọ lọ rọ́pò rẹ̀, ti yọ ààbò kúrò, ó sì ti fi ewu sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí bátìrì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù, kó sì so ó kẹ́yìn nígbà tó bá parí, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ yìí bá ti kúrò, sípánà tó bá ṣèèṣì fara kan irin ọkọ̀ kò lè tan iná mọ́. Bátìrì tó ń gba iná máa ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde, èyí tí ìtapàrà kékeré lè mú bú gbàmù, omi inú rẹ̀ sì jẹ́ ásíìdì tó ń jó awọ ara, nítorí náà kò yẹ kí sìgá tàbí iná wà nítòsí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù tó ń ṣírò iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, ìwé ọkọ̀ ló sì ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n so wáyà rédíò mọ́ kí ìṣirò náà má baà dàrú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tún yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo iná fóòtì 24, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rédíò ni wọ́n ṣe fún fóòtì 12, tó túmọ̀ sí nǹkan bí 13.8 nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá so irú rédíò bẹ́ẹ̀ mọ́ fóòtì 24 yóò jó o, ẹni tó bá sì rò pé òun gbọ́n tó fa iná láti ara ọ̀kan péré nínú bátìrì méjèèjì yóò mú kí ọ̀kan máa rẹ̀ ju èkejì lọ títí tí àwọn méjèèjì yóò fi bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12, tí agbára rẹ̀ tó fún ohun tí rédíò ń fà, ni ojútùú rẹ̀.

Lẹ́yìn wáyà, ibi tí wọ́n gbé rédíò fúnra rẹ̀ sí ló kàn. Kò gbọ́dọ̀ wà lójú ibi tí báàgì afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde nígbà ìjàǹbá, nítorí pé ipá tí báàgì náà fi ń ṣí lè sọ ẹ̀rọ tàbí máìkì lu ènìyàn. Kò gbọ́dọ̀ wà lásán lórí ìjókòó, nítorí pé ohun tí a kò dè yóò máa bá eré ọkọ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ó sì nílò atẹ́gùn yíká rẹ̀, torí pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú iná tó ń fà ló ń di ooru, oòrùn ilẹ̀ wa sì lè ti mú inú ọkọ̀ tó dúró gbóná gan-an kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Áńtẹ́nà àti agbára ìgbì

Áńtẹ́nà ni ẹ̀yà rédíò tó ń sọ iná di ìgbì, gígùn rẹ̀ sì ní í ṣe pẹ̀lú gígùn ìgbì náà. Ní 150 mẹgaháásì, ìgbì kan gùn ní mítà 2, áńtẹ́nà tó jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀ yóò sì gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50. Bí gígùn náà kò bá bá ìgbì mu, tàbí tí wáyà rẹ̀ bá já, apá kan agbára tí rédíò rán jáde yóò padà wá bá a, yóò sì di ooru nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo èyí, tí wọ́n ń pè ní SWR: nígbà tó bá wà ní 1.5 sí 1 tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, áńtẹ́nà dára. Nígbà tó bá di 2 sí 1, nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún agbára ló ń padà. Nígbà tó bá sì di 3 sí 1, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnì rédíò tí wọn kò tíì so áńtẹ́nà mọ́.

Ní ti ìlera, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ni pé ìgbì rédíò kò rí bí ìtànṣán tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán egungun, nítorí pé agbára rẹ̀ kò tó láti já ohun tó so àwọn èérún inú ara pọ̀. Ohun tó dájú pé ó lè ṣe nígbà tó bá pọ̀ jù ni pé kó mú ẹran ara gbóná, ẹyinjú àti kórópọ̀n ọkùnrin ni ó sì lè tètè pa lára, torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá láti kó ooru náà lọ. Ní ọdún 2011, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí lórí wọn kò pọ̀. Ìpele yìí jẹ́ ìdí tó tó láti ṣọ́ra, kì í ṣe ìdí láti sá fún ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀mí là.

Ìṣọ́ra náà ní ìwọ̀n. ICNIRP, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí irú ìgbì yìí, sọ pé láàárín 30 sí 400 mẹgaháásì, ìgbì tó ń bọ́ sára ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 2 lọ lórí mítà kan níbùú lóròó, nígbà tí ti òṣìṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe jẹ́ 10. Ẹ jẹ́ kí a wo rédíò tó ń rán 50 wáàtì, tí ẹni tó ń lò ó fi ìdajì àkókò sọ̀rọ̀, tó fi ìdajì yòókù gbọ́: ìpíndọ́gba agbára rẹ̀ jẹ́ 25 wáàtì, bí agbára yìí bá sì tàn káàkiri lọ́gbọọgba, ohun tó máa bọ́ sára ẹni tó dúró ní mítà kan sí áńtẹ́nà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wáàtì 2 gan-an. Bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà ṣe ń rẹ̀yìn bí a ti ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì náà ń ṣe, tó fi jẹ́ pé ní mítà 2, ìdá mẹ́rin péré ló kù. Áńtẹ́nà kì í tàn lọ́gbọọgba ní ti gidi, àwọn mìíràn sì ń kó agbára wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu kí ẹni tó wà níta jìnnà ju mítà kan lọ.

Àárín òrùlé irin ọkọ̀ ni ibi tó dára jù fún áńtẹ́nà, ìdí méjì ló sì wà fún un: irin òrùlé ń ran ìgbì lọ́wọ́ láti tàn dáadáa yíká, ó sì tún dúró láàárín áńtẹ́nà àti orí àwọn èrò tó wà nísàlẹ̀. Áńtẹ́nà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí tí wọ́n gbé sí etí búùtù súnmọ́ èrò ẹ̀yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ pílásítíìkì kò sì fúnni ní ààbò yìí. Kí awakọ̀ tó tẹ bọ́tìnì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kó kọ́kọ́ wo yíká, pàápàá bí àwọn ọmọdé bá wà nítòsí, nítorí pé ẹni tó bá di áńtẹ́nà mú nígbà tó ń rán ìgbì jáde lè jóná lọ́wọ́. Ẹni tí dókítà fi ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù déédéé sí láyà kò gbọ́dọ̀ dúró ti áńtẹ́nà rárá, kó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú irú rédíò yìí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá de rédíò tán, ó yẹ kí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìdúró. Ìgbì tó lágbára lè wọ inú wáyà kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì tàbí bíréèkì, bí iná ìkìlọ̀ bá sì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí bọ́tìnì wà ní títẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ náà sójú ọ̀nà títí wọn yóò fi tún ọ̀nà tí wáyà gbà ṣe.

Ibi tí kò yẹ kí awakọ̀ ti tẹ bọ́tìnì

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta pẹ̀lú dáínámáìtì ni ó léwu jù nínú gbogbo wọn. Nǹkan kékeré tó ń tan dáínámáìtì, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo iná mànàmáná, ní wáyà méjì tó gùn jáde lára rẹ̀. Wáyà wọ̀nyí lè di áńtẹ́nà láìròtẹ́lẹ̀, kí ìgbì rédíò tó bọ́ lé wọn sì dá iná tó tó láti mú un bú gbàmù ní àìtọ́ àsìkò. Awakọ̀ tó bá ń kọjá ní àgbègbè tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, irú èyí tó wà lágbègbè Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí pátákó ìkìlọ̀ bá sọ, kó pa rédíò rẹ̀ pátápátá, kó má sì tàn án títí yóò fi kọjá àgbègbè náà. Pípa á pátápátá sàn ju kí ó kàn má sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn rédíò ìgbàlódé kan máa ń rán àmì jáde fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnì.

Ní ilé epo àti níbi tí afẹ́fẹ́ gáàsì bá ti ń jò, òfin kan náà ló wà. Ìtapàrà láti ara rédíò kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀, àmọ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré níbi tí èéfín bẹntiróòlù wà, ìpalára rẹ̀ kò láfiwé, bẹ́ẹ̀ dídúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kí awakọ̀ tó sọ̀rọ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wáyà iná ojú pópó náà yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé áńtẹ́nà tó gùn ju mítà 2 lọ lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ga lè kan wáyà tó ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì yẹ kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kó yọ ọ́ kó tó wọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀.

Ojú awakọ̀ àti ọkàn rẹ̀

Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awakọ̀ tó bá gbójú wo rédíò fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré láti wá ìkànnì ti rin mítà 56 láìrí ohun tó wà níwájú, ọmọdé sì lè ti sáré la ọ̀nà kọjá láàárín àkókò náà. Kò sí fíúsì tó lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ irú ewu yìí, ìwà awakọ̀ nìkan ló lè ṣe é.

Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí Virginia Tech ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fi kámẹ́rà wo àwọn awakọ̀ tírélà lẹ́nu iṣẹ́ wọn gan-an. Wọ́n rí i pé títẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù mú kí ewu ìjàǹbá tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjàǹbá di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́tàlélógún, ṣùgbọ́n wọn kò rí i pé sísọ̀rọ̀ lórí rédíò CB mú ewu náà pọ̀ sí i. Ìdí tó bọ́gbọ́n mu ni pé ọ̀rọ̀ orí rédíò kì í gùn, kì í béèrè pé kí awakọ̀ kàwé, ẹni tó ń gbọ́ sì mọ̀ pé awakọ̀ lè dákẹ́ nígbàkígbà. Ohun tí èyí kọ́ni ni pé ojú ló yẹ kí a dáàbò bò ju ẹnu lọ: rédíò tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ wo ojú rẹ̀ láti yí ìkànnì, tàbí tó gbọ́dọ̀ nawọ́ jìnnà láti mú máìkì rẹ̀, ti di ohun mìíràn.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì fi ìyàtọ̀ yìí hàn, nítorí pé láti ọdún 2003 tí ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ láti mú fóònù lọ́wọ́ lójú ìwakọ̀, wọ́n yọ rédíò ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì lè mú awakọ̀ tí kò bá lè darí ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa nítorí rédíò. Ní Nàìjíríà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ka lílo fóònù lójú ìwakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìdí tó wà nídìí òfin náà sì kan ẹni tó bá fi ọwọ́ kan mú máìkì nígbà tó yẹ kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sítíárìn.

Nítorí náà, kí awakọ̀ yan ìkànnì àti ìwọ̀n ohùn kó tó ṣí kúrò. Kí àgbékọ́ máìkì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dé láìwò ó, kí okùn rẹ̀ má sì gba ọ̀dọ̀ sítíárìn tàbí bíréèkì kọjá. Bí ẹlòmíràn bá wà nínú ọkọ̀, òun ni kó máa sọ̀rọ̀. Bí awakọ̀ bá dá wà, tí ọ̀rọ̀ sì gùn tàbí tó nílò kíkọ sílẹ̀, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu. Ní oríta, níbi tí ọkọ̀ ti ń ya ara wọn sílẹ̀, àti nínú òjò líle, kó jẹ́ kí rédíò dún títí yóò fi kọjá.

Bí ọ̀rọ̀ kúkúrú ṣe ń dáàbò bo ẹ̀mí

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ ti rò kó tó tẹ bọ́tìnì yóò kúrú, ọ̀rọ̀ kúkúrú sì ń dín àkókò tí ọwọ́ kan fi wà lórí sítíárìn kù, ó ń dín ooru inú rédíò kù, ó sì ń dín ìgbì tó ń bọ́ sára àwọn tó wà nítòsí kù. Kó kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀, nítorí pé bí ènìyàn méjì bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lè bàjẹ́. Lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́, kó dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ má baà gé, kó pe orúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ tirẹ̀, kó sọ ibi tó wà, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì sọ ohun tó ń fẹ́. Igbe kíké kò ran ìgbì lọ́wọ́ láti jìnnà. Ohùn déédéé tó gba ẹ̀gbẹ́ máìkì kọjá ni ó máa ń yé ènìyàn jù. Bọ́tìnì tó bá há tàbí tí wọ́n jókòó lé lè ti ìkànnì pa mọ́ gbogbo ènìyàn, ó sì lè di ẹni tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ lọ́nà, nítorí náà kí máìkì máa padà sí àgbékọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀.

Ojúṣe ẹni tó wà ní ibùdó

Gbogbo ohun tí orí yìí ti sọ kò lè dúró bí ẹni tó ń pe awakọ̀ láti ibùdó bá ń fẹ́ èsì lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ pàjáwìrì tó ń la sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ kọjá pẹ̀lú aláìsàn nínú ọkọ̀ yóò gbìyànjú láti fèsì bí ó bá mọ̀ pé ọ̀gá yóò bínú sí ìdákẹ́jẹ́ òun, nígbà yẹn sì ni ìlànà ààbò tí wọ́n kọ́ ọ yóò di asán. Ó yẹ kí ibùdó ní òfin tó ṣe kedere pé èsì lè pẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, pé "dúró díẹ̀" tó èsì, àti pé wọn kò ní fi orúkọ òpópónà mẹ́wàá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹni tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ sanwó fún wáyà tó dára àti rìwáyà tó mọṣẹ́, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ fún ìkànnì tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n sì máa yẹ fíúsì, áńtẹ́nà àti àwọn ibi tí wọ́n ti so wáyà wò nígbàkúgbà tí wọ́n bá ń tún ọkọ̀ ṣe. Awakọ̀ ló ń tẹ bọ́tìnì, àmọ́ ẹni tó ra rédíò náà, ẹni tó dè é àti ẹni tó ń dúró de èsì ló jọ ń pinnu bóyá títẹ̀ náà yóò léwu.